Kì í ṣe òjò, èémí wa ni: ìtàn òrùlé ọkọ̀ tó ń gbéra sókè

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́bí. Thread yìí máa gùn, ẹ lọ po gàrí yín wá. Mo fẹ́ sọ bí omi ṣe kán sí àbúrò mi lójú láago mẹ́ta òru nínú ọkọ̀ kan ní Scotland, àti bí omi yẹn ṣe gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà kan tó ti kú láti ọdún 1817.

Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, èmi àti àbúrò mi obìnrin háyà ọkọ̀ camper fún òru mẹ́ta. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí Master's ni, ara mi ń wá ìsinmi. Òun náà sì ti ń yọ mí lẹ́nu pé gbogbo fídíò tí mò ń ṣe, inú yàrá kan ṣoṣo ni mo ti ń ṣe é, pé àwọn èèyàn ti mọ ògiri mi ju ojú mi lọ. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí camper rí: bọ́ọ̀sì kékeré ni, tí wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù gáàsì àti ibi ìfọwọ́ sínú rẹ̀. Èyí tí a háyà, òrùlé rẹ̀ máa ń gbéra. Ẹ ó tú ìdè méjì nínú, ẹ ó tì í sókè, iwájú rẹ̀ á là bí ẹnu ẹni tó ń yán, aṣọ á sì nà yí i ká. Pátákó bẹ́ẹ̀dì kan wà lókè níbẹ̀, abẹ́ òrùlé gan-an. Ibẹ̀ la sùn.

Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Volkswagen Transporter ni! Ọmọ ìyá danfo ni jàre, àfi pé wọn kò kùn ún ní yẹ́lò, kò sì sí kọ̀ǹdọ́kítọ̀ tó ń rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ti wọ danfo nínú òjò láti Òṣòdì sí Ìyànà Ìpájà mọ ohun tí mò ń sọ: omi á máa gba ojú ihò wọlé, ẹni tó jókòó sísàlẹ̀ ihò náà á gbé bàgì lérí, kò sì sẹ́ni tó máa bá a pààrọ̀ àyè. Nítorí náà, nígbà tí omi kán sí àbúrò mi lójú lóru kejì, tí òjò sì ń rọ̀ gan-an níta, mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Àǹtí mi, òrùlé yìí ń jò o."

"Mo ti rí i. Sún síbí."

Ohun tí mo ṣe nìyí, ẹ má bú mi. Mo ti gbogbo fèrèsé. Mo fa síìpù aṣọ òrùlé pa. Àwọn ihò kéékèèké kan wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, tí òtútù ń gbà wọlé. Mo fi sọ́ọ̀kì mi méjèèjì dí wọn. Lẹ́yìn náà mo tan sítóòfù kí inú ọkọ̀ lè gbẹ. Àbúrò mi ní àsímà, òtútù àti ọ̀rinrin kì í bá a lára mu. Èrò mi ni pé mò ń dáàbò bò ó.

Kò pẹ́ tí nǹkan funfun kan lára ògiri ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ariwo yẹn kì í ṣe kékeré. Mo rò pé ooru sítóòfù ló ń dà á láàmú, mo ti ń wá bí mo ṣe máa yọ bátìrì rẹ̀. Àbúrò mi ló ṣílẹ̀kùn, ó ní orí ń fọ́ òun. A pa sítóòfù, a dúró níta lábẹ́ agboòrùn kan ṣoṣo títí ariwo náà fi dákẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pe bàbá òyìnbó tó ni ọkọ̀. Mo ti múra ìjà. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, títí dórí owó wa tí wọ́n máa dá padà. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan péré: omi náà, ṣé ojú kan ló wà ni, àbí ibi gbogbo? Mo gòkè lọ wò ó. Ibi gbogbo ni. Inú òrùlé, ọ̀pá irin tó gbé e dúró, gíláàsì iwájú ọkọ̀, kódà abẹ́ fóòmù tí a sùn lé tutù. Aṣọ ẹ̀gbẹ́ tí òjò ń nà lójú gangan wá gbẹ jù wọ́n lọ. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Òrùlé mi kò jò. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jò."

Ìgbà tí mo wá sọ ọ̀rọ̀ sítóòfù àti sọ́ọ̀kì fún wọn, ẹ̀rín yẹn tán. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná, mo máa padà síbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìtàn òrùlé yìí bí ẹni tí tíṣà fún níṣẹ́ àmúrelé. Ohun tí mo rí ni pé iṣẹ́ méjì ni wọ́n gbé fún òrùlé náà, iṣẹ́ méjèèjì sì ń bá ara wọn jà: kí omi má wọlé, kí omi sì lè jáde. Ìjà yẹn ti lé ní 200 ọdún.

Ẹ jẹ́ ká mú kí omi má wọlé ṣáájú. Kánfásì tí wọ́n fi òwú hun ní ọgbọ́n tirẹ̀. Tí omi bá kàn án, òwú á wú, àwọn ihò tíntìntín tó wà láàárín ìhun á sì dí. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ àgọ́ sùn fi máa ń kìlọ̀ fún ọmọdé pé kó má fọwọ́ kan inú aṣọ náà nígbà òjò: ibi tí ìka bá kàn, omi á tọ ìka wọlé. Àwọn atukọ̀ òkun náà máa ń fi epo pa kánfásì kí ó lè da omi nù. Gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n kan. Tí òjò bá pọ̀ jù, ó tán.

Ní 1823, Charles Macintosh, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní Glasgow, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tuntun. Nígbà yẹn, èédú ni wọ́n ń sun láti rí gáàsì tí wọ́n fi ń tan iná ìlú, ọ̀dà sì máa ń ṣẹ́kù. Inú ọ̀dà yẹn ni wọ́n ti ń rí naphtha, Macintosh sì rí i pé naphtha máa ń yọ́ rọ́bà. Ó ta rọ́bà yíyọ́ náà sáàárín aṣọ méjì, ó lẹ̀ wọ́n pọ̀ bí ẹni ṣe sáńwíìṣì. Omi kò lè kọjá mọ́. Ẹ̀wù òjò tó ń jẹ́ mackintosh títí dòní, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá.

Ṣùgbọ́n wàhálà pọ̀ o. Tí òtútù bá mú, ẹ̀wù náà á gan paali. Tí ooru bá mú, á máa lẹ̀ mọ́ èèyàn lára. Ó ń rùn. Abẹ́rẹ́ télọ̀ sì ń dá ihò sí i lára, omi ń gba ojú rírán wọlé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ojú rírán yìí sọ́kàn, torí títí dòní, tí òrùlé camper bá jò lóòótọ́, ojú rírán, síìpù tàbí rọ́bà etí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà ló wá rí ọgbọ́n ta sí gígan àti lílẹ̀ náà ní 1839: ó po imí ọjọ́ mọ́ rọ́bà, ó sì fi iná sí i. Thomas Hancock, tó ń bá Macintosh ṣòwò, gba ìwé ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lórí ọ̀nà kan náà ní Britain.

Èyí tí ẹnì kankan nínú wọn kò rí yanjú ni òógùn. Ẹni tó bá wọ ẹ̀wù rọ́bà rìn jìnnà á bọ́ ọ, á sì rí i pé òun ti tutù látinú. Ohun tó dènà òjò ló sé òógùn mọ́lé.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀. Rọ́bà tí ayé ń wá kiri láyé ìgbà náà, ilẹ̀ Yorùbá fọwọ́ sí i. Igi irẹ́ tó wà nínú igbó wa, rọ́bà ni oje rẹ̀. Òwò náà bú jáde lójijì ní Èkó láàárín 1894 sí 1895; ní 1895 nìkan, rọ́bà tó gba Èkó jáde lọ sókè òkun lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn ní ìwọ̀n. Wọ́n ha igi náà láhàájù, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kú, òwò náà sì wó láàárín ọdún díẹ̀. Mi ò sọ pé irẹ́ ló wà lára camper o. Mo kàn ń sọ pé nígbàkígbà tí mo bá rí rọ́bà tó yí etí òrùlé yẹn ká, ọkàn mi máa ń lọ sí igbó Ìjẹ̀bú. A padà.

Ọkọ̀ wá ńkọ́? Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin 1947, oníṣòwò ọkọ̀ ará Netherlands kan tó ń jẹ́ Ben Pon ya àwòrán bọ́ọ̀sì tó rí bí àpótí sínú ìwé kékeré tó ń mú kiri. Ní 1950 Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Wolfsburg, ní Jámánì. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ Westfalia ní Wiedenbrück gbé nǹkan kan jáde tí wọ́n pè ní Camping Box: ẹ gbé e sínú bọ́ọ̀sì ní ìparí ọ̀sẹ̀, bọ́ọ̀sì di yàrá, ẹ gbé e sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, bọ́ọ̀sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èèyàn kò lè nàró nínú rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ẹ ó máa wọ ṣòkòtò lórí ìdùbúlẹ̀ títí ìsinmi á fi parí.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú ṣe òrùlé gíga? Atẹ́gùn ni. Ọkọ̀ gíga ń bá atẹ́gùn jà lójú ọ̀nà, ó ń mu epo, kò wọ gáréèjì ilé. Òrùlé tó kúrú lọ́sàn-án tó sì ga lálẹ́ ni wọ́n ń wá.

Àwọn tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀ ní Britain ni ilé iṣẹ́ Martin Walter ní Folkestone, ìlú etíkun kan ní Kent. Láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń sọ ọkọ̀ Bedford di ilé tó ń rìn, orúkọ tí wọ́n fún un sì ni Dormobile. Owó orí pàápàá bá wọn gbé ọjà náà lárugẹ: ẹni tó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nígbà náà máa san Purchase Tax, ọkọ̀ akẹ́rù kì í san án. Ẹ̀ẹ̀yàn ti rí ọ̀nà ẹ̀bùrú! Òrùlé Dormobile máa ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́ kan ni, bí ìdérí àpótí. Aṣọ onílà gbọọrọ ló wà lára rẹ̀, fiberglass fẹ́lẹ́ ló sì bò ó lórí. Wọ́n tún na bẹ́ẹ̀dì aláṣọ méjì sókè níbẹ̀, irú èyí tí sójà máa ń sùn lé, fún àwọn ọmọ. Òrùlé náà lẹ́wà débi pé wọ́n gbé e sórí Volkswagen, wọ́n gbé e sórí Land Rover. Tí ẹ bá rí fọ́tò ìsinmi àwọn òyìnbó ìgbà yẹn tí ọkọ̀ kan la ẹnu sókè pẹ̀lú aṣọ onílà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ṣe gan-an. Wọ́n mú èèyàn, wọ́n gbé e sókè pátápátá nínú ọkọ̀, ibi tí gbogbo ooru àti èémí ń gòkè lọ. Wọ́n wá fi nǹkan tó fẹ́lẹ́ jù lọ lára ọkọ̀ náà bò ó. Ara òrùlé sí imú ẹni tó sùn, kò tó gígùn apá kan.

Nígbà tó yá, kánfásì ń jẹrà, àwọn kan wá bọ́ sí aṣọ tí wọ́n fi pílásítíìkì bò. Òjò kò lè rí tiẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n láàárọ̀ omi á máa ṣàn nínú rẹ̀ bí ògiri balùwẹ̀. Àwọn kan yan òwú padà, wọ́n ní ó sàn kí aṣọ mí. Ní 1969, Bob Gore ní Amẹ́ríkà fa ọ̀pá PTFE gbígbóná kan lójijì (irú nǹkan tí wọ́n fi ń bo inú páànù kí ẹyin má bàa lẹ̀), ó sì nà, ó kún fún ihò tó kéré débi pé ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ̀kán omi ò sì lè kọjá. Ẹ̀wù òjò tó ń mí dé. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, mo ní ìtàn parí. Kò parí. Aṣọ ẹ̀gbẹ́ nìkan ló lè mí, páálí orí òrùlé kò lè mí láéláé. Tí aṣọ náà bá sì ti tutù jù, èémí á ti di omi lójú rẹ̀ kó tó rí ihò kankan gbà.

Ẹni tó wá là mí lójú nínú gbogbo ìtàn yìí kò rí mọ́tò rí láyé rẹ̀.

William Charles Wells ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní Charleston, South Carolina, ní 1757, ará Scotland ni àwọn òbí rẹ̀, ó sì di dókítà ní ilé ìwòsàn St Thomas's ní London. Lóru, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sùn, inú ọgbà kan ní Surrey ni òun wà tó ń wọn ìrì. Bẹ́ẹ̀ ni o, ìrì. Èmi ń fi owó dátà ya fídíò bí wọ́n ṣe ń se indomie, ẹnì kan ń wọn ìrì.

Àríyànjiyàn ìgbà yẹn ni pé níbo ni ìrì ti ń wá? Àwọn kan ní ó ń já bọ́ láti òkè bí òjò. Àwọn kan ní ilẹ̀ ló ń tú u sókè. Wells mú irun àgùntàn, ó pín in sí wẹ́wẹ́ tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, ó gbé ọ̀kan sórí pátákó tó fi ẹsẹ̀ gbé dúró, ó fi ọ̀kan sábẹ́ pátákó yẹn. Lẹ́yìn náà ó tún wọ̀n wọ́n. Ti orí pátákó gba omi púpọ̀ ju ti abẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ti abẹ́ náà gba díẹ̀, bẹ́ẹ̀ tó bá ṣe pé ó ń já bọ́ láti òkè ni, kò yẹ kó rí ẹyọ kan. Ó tẹ́ tẹmómítà sórí koríko, ó gbé òmíràn sínú afẹ́fẹ́ lókè rẹ̀. Lóru tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, koríko máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ lọ dáadáa. Tí ìkùukùu bá sún wá bo ojú ọ̀run, koríko á tún móoru padà.

Ó wá yé e. Gbogbo ohun tó kọjú sí òfuurufú lóru ló ń tú ooru ara rẹ̀ dànù sókè. Tí ó bá tutù dé ìwọ̀n kan, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tó bá fara kàn án á di omi sí i lára. Ìrì kì í já bọ́, kì í sì í hù jáde nílẹ̀. Ojú nǹkan tó tutù ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ọ́ síwèé ní 1814, Royal Society fi àmì ẹ̀yẹ Rumford dá a lọ́lá, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ó kú.

(Òun kan náà ló ka ìwé kan fún Royal Society ní 1813 lórí àwọ̀ ara èèyàn, tí Darwin fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ nígbà tó yá pé Wells ti rí ọ̀rọ̀ àṣàyàn àdánidá ṣáájú òun. Mo kàn ní kí n dá a sí i. Ọkùnrin yìí ò sùn rárá ni?)

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lábẹ́ òrùlé pánù, ẹ ti mọ ohun tí Wells ń sọ láìmọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, láàárọ̀ kùtù, omi á máa kán tó, tó, tó láti etí pánù, bẹ́ẹ̀ òjò kankan ò rọ̀ mọ́jú. Màmá wa máa ń gbé bàsíà sábẹ́ rẹ̀. Ìgò miníra tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríjì máa ń làágùn, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ìgò náà ń jò. Àfi èmi ní Scotland.

Mo sì ní ẹ̀rí tèmi. Lóru kejì, òjò tútù ló mú òrùlé wa tutù. Lóru kẹta, òjò ò rọ̀ rárá, gbogbo ìràwọ̀ ló jáde, àbúrò mi ya fọ́tò títí. Omi tó kán sí wa lára lóru yẹn ju tàná lọ. Mo ti ṣí fèrèsé kan nígbà yẹn, bàbá ti ní kí n ṣí i, ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré ni, mo sì ṣí i bí ẹni tó ń ṣahun.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó gbóná tó 20°C lè gbé nǹkan bíi 17 gíráàmù omi nínú kúbíìkì mítà kan. Tí ó bá tutù dé 10°C, nǹkan bíi 9 ló lè gbé mọ́. Ìyókù gbọ́dọ̀ bọ́ síbì kan. Ẹni tó bá sùn máa ń tú nǹkan bíi 40 gíráàmù omi jáde ní wákàtí kan, láti imú, ẹnu àti awọ ara. Ẹni méjì, wákàtí mẹ́jọ, ó ti di 640 gíráàmù. Ìyẹn ju omi inú ìgò Coke 50cl kan lọ, tí a ń wọ́n sórí ara wa díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Kí a wá sọ pé inú ọkọ̀ náà fẹ̀ tó kúbíìkì mítà 8: ní 10°C, gbogbo omi tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè gbé kò ju nǹkan bíi 75 gíráàmù lọ. Tí ẹ bá ti gbogbo ihò pa, kò tó wákàtí kan tí ẹni méjì á fi kún un.

Kí ni mo wá fi kún un? Sítóòfù. Gáàsì tó bá jó máa ń di omi. Kílò kan propane tó jó tán máa ń mú kílò omi 1.6 jáde. Mo fẹ́ fi iná gbẹ ọkọ̀, omi ni mò ń sè sínú rẹ̀.

Ìyẹn ṣì kéré. Mo ní mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ sọ́ọ̀kì. Iná tó bá ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ kò tó máa ń tú carbon monoxide jáde. Kò rùn, kò láwọ̀, kò ní kí ẹ wúkọ́. Orí fífọ́ ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà oorun. Òun kan náà ló ń pa odidi ìdílé nílé wa tí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí olè má bàa gbé e. Àwọn ihò kéékèèké tí mo dí, wọn kì í ṣe àṣìṣe ẹni tó kan ọkọ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá wọn ni. Ní Yúróòpù, ìlànà kan wà tó ń jẹ́ EN 721 tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ irú ihò afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ló dá lé. Nǹkan funfun tó ké yẹn, tí mo fẹ́ yọ bátìrì rẹ̀, carbon monoxide ló gbọ́. Bàbá ní kí n fi fóònù fún àbúrò mi, wọ́n bi í bóyá orí ṣì ń fọ́ ọ, wọ́n ní kí a lọ rí dókítà kí a tó máa bá ìrìn àjò lọ. A lọ. Ara rẹ̀ dá. Mi ò tíì sọ fún Màmá wa, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wọ́n lórí àpù yìí, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ wá gbọ́ apá tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé Wells. Ó jẹ́wọ́ pé tẹ́lẹ̀ òun máa ń fi àwọn ológbà rẹ́rìn-ín, tí wọ́n bá ta ẹní fẹ́lẹ́ bo ewéko wọn kí òtútù òru má bàa pa á. Kí ni ẹní lè ṣe fún afẹ́fẹ́ tútù? Ìgbà tó wá mọ ọ̀rọ̀ òfuurufú yìí ló dán an wò: ó ri igi kéékèèké mọ́lẹ̀, ó ta háńkáṣíìfù lé wọn lórí, kò jẹ́ kó kan koríko. Koríko tó wà lábẹ́ háńkáṣíìfù yẹn móoru ju èyí tó wà níta gbangba lọ. Aṣọ tí a fi ń nu imú! Kò ṣe ju pé ó dí koríko lójú kó má rí òfuurufú.

Lónìí, àwọn onícamper ń ra aṣọ nínípọn kan tí wọ́n ń dà bo òrùlé tó gbéra láti ìta. Owó rẹ̀ pọ̀. Háńkáṣíìfù Wells ni, ó kàn tóbi sí i ni. Òrùlé kò rí òfuurufú mọ́, òjò kò kàn án tààrà, ojú rẹ̀ inú á móoru díẹ̀, èémí ò sì ní tètè di omi sí i. Wọ́n tún máa ń tẹ́ àwọ̀n líle sábẹ́ fóòmù kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ ẹni tó sùn. Ẹ̀rọ amúlégbóná tó dára máa ń tú èéfín tirẹ̀ síta ọkọ̀, kì í ṣe bíi sítóòfù. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tó máa gbé èémí jáde bí kò bá sí ihò méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀ tí afẹ́fẹ́ á gbà wọlé, ọ̀kan lókè tí á gbà jáde. Tí òrùlé bá sì tutù láàárọ̀ tí ẹ kàn pa á dé, tí ẹ gbàgbé rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, aṣọ rẹ̀ á bu bíi búrẹ́dì, dúdú dúdú wínníwínní. Ẹni tó ní àsímà kò gbọ́dọ̀ sùn sábẹ́ ìyẹn. Ẹ padà délé, ẹ tún un gbé sókè kí ó gbẹ.

Nínú oṣù kẹrin ọdún yìí a padà lọ. Ọkọ̀ kan náà, bàbá kan náà. Wọ́n ya wá ní aṣọ ìborí wọn láìgba kọ́bọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí n fọwọ́ tẹ bọ́tìnì nǹkan funfun yẹn kí ó ké lójú wọn kí a tó gbéra. Òru àkọ́kọ́, ìràwọ̀ jáde bíi tìjọ́sí. Nígbà tí mo jí, mo na ọwọ́ sókè, mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa inú òrùlé. Ó gbẹ, àfi igun kan lẹ́bàá síìpù. Mo jáde síta: gbogbo ìrì náà wà lórí aṣọ ìborí, ó ń dán nínú oòrùn.

Àbúrò mi yọrí láti òkè, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì di orí bí ìyá arúgbó.

"Àǹtí mi, ihò ìsàlẹ̀ yẹn ńkọ́? Òtútù ń gba ibẹ̀ wọlé o."

Mo gbé ẹsẹ̀ sókè, mo fi hàn án. Sọ́ọ̀kì mi méjèèjì wà níbẹ̀.